Àga Keje

“Àga keje dà?”

Ọ̀gbẹ́ni Lámídì, alábẹ̀wò tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ rán gòkè wá láti ka àga, gbé àwo dígí ọwọ́ rẹ̀ sókè kí àwọn olùkọ́ méjèèje lè rí i. Iná kéékèèké mẹ́fà ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Àyè ìkeje ṣófo bí ẹnu ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé Òkè-Ìsádi ni wọ́n tò sí, agogo àárọ̀ kò tíì lù. Lókè orí wọn, àwọn abẹ̀bẹ̀ ńláńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ń kùn bí oyin inú ihò igi. Olúkúlùkù tẹrí ba, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni àga náà sá pamọ́ sí.

Ọ̀gbẹ́ni Lámídì kò pariwo. Ó rọra ṣàlàyé fún wọn, bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé àga kì í kú, oorun ló máa ń sùn. Bí ara ènìyàn kò bá kàn án fún ìgbà díẹ̀, yóò dákẹ́, kò ní jẹ́ ìpè mọ́. Ó ní ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀: bóyá ẹnì kan ti gbé àga náà tà fún àwọn tó ń yọ́ irin, bóyá ẹnì kan sì wà láàárín wọn tó ń kọ́ ọmọ láìjókòó. Lójú òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni méjèèjì, torí kò sí olùkọ́ tó gbọdọ̀ kọ́ ọmọ láìgba ìmọ̀ràn àga.

Òfin kan náà ni kò jẹ́ kí òun alára wọ kíláàsì nígbà tí fìtílà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá ń tàn. Ó ní òun yóò dúró. Bí àwọn ọmọ bá gun òrùlé lọ sí oko tó wà lókè ibẹ̀ lọ́sàn-án, òun yóò máa ti ìlẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíràn, kí olúkúlùkù jókòó sórí àga rẹ̀ lójú òun. Ẹni tí kò bá ríbi jókòó, kó di ẹrù rẹ̀, kó bá agbọ̀n orí wáyà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ru iyanrìn níbi odi òkun.

Ìdògbé nìkan ni kò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Motúnráyọ̀ ló ń wò.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Àwọn méjèèjì jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni, agbọ̀n kan náà ló sì gbé wọn gun òkè yìí wá. Àṣà Òkè-Ìsádi ni pé bí àyè iṣẹ́ kan bá ṣí, olùkọ́ tuntun méjì ni wọn yóò gbà, wọn yóò fi sáà kan dán wọn wò, ẹni tí fìtílà rẹ̀ bá pọ́n jù ni yóò dúró. Ẹnì kejì, odi òkun. Sáà ọ̀hún sì ti fẹ́ẹ̀ parí.

Orí ẹnu ọ̀nà kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé fìtílà kọ́ sí. Kò gba epo. Ọkàn àwọn ọmọ ló ń jẹ: bí wọ́n bá ń fetí sílẹ̀, á pọ́n, bí ọkàn wọn bá gba ojú fèrèsé rìn jáde, á ṣú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fìtílà Ìdògbé ni gbogbo ènìyàn ń yà wò. Màmá Ọ̀gá, olórí ilé-ìwé, dúró níwájú rẹ̀, ó ní iṣẹ́ yìí ti rí ọmọ rẹ̀. Ti Motúnráyọ̀ nígbà náà kò ju ti tanátaná lọ, àánú rẹ̀ sì ń ṣe Ìdògbé, irú àánú tó máa ń dùn mọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí. Fìtílà Motúnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, díẹ̀díẹ̀, bí ọsàn lórí igi, títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń ta dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àánú Ìdògbé gbẹ, owú sì hù níbẹ̀. Owú náà ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó, ara òde ń dán, inú ń di ìyẹ̀fun. Bí wọ́n bá kí Motúnráyọ̀ kú iṣẹ́, á dà bíi pé wọ́n yọ ọ́ lára ti òun ni.

Àmù omi kan wà lọ́dẹ̀dẹ̀, tó dojú kọ kíláàsì Motúnráyọ̀ gan-an. Iná kì í tó, nítorí náà àmù amọ̀ yìí nìkan ló ń mú omi tutù fún gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n ti gbé e ga kúrò nílẹ̀, wọ́n fi aṣọ aláró bo ìdí rẹ̀ kanlẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń bẹ̀rẹ̀ kó tó bu omi. Ibẹ̀ ni Ìdògbé máa ń dúró nígbà ìsinmi. Á gbé ìgúnpá lé etí àmù, á bu ahá omi kan, á máa mu ún bí ẹni ń mu àgbo, ojú rẹ̀ á wà lára fìtílà oní-fìtílà. Màmá Ọ̀gá kíyè sí i títí, ó sì bi í lọ́jọ́ kan lójú gbogbo ènìyàn pé, “Ìdògbé, ìwọ àti fìtílà yẹn, ṣé orogún ni yín?” Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín.

Ọ̀kan nínú àwọn tí kì í rí okùn tó ta kókó kí wọ́n má tú u ni Ìdògbé. Bí Ọ̀gbẹ́ni Lámídì ṣe ní ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀, òun ti rí ìkẹta. Àwọn kan wà nísàlẹ̀, létí òkun, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tú àga. Wọn á yọ ohùn Ìgbìmọ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọn á fi ohùn mìíràn sí i, ohùn olùkọ́ àtijọ́ kan tó gbọ́n ju gbogbo Ìgbìmọ̀ lọ. Àga tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ ìpè alábẹ̀wò mọ́, ṣùgbọ́n kò sùn. Olówó rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló tún kù? Fìtílà tó ṣú, tó wá ń pọ́n láìnídìí. Àga tí kò dáhùn. Obìnrin tí kò yà lẹ́nu nígbà tí wọ́n ní àga sọnù. Ìdògbé tilẹ̀ rántí pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, Motúnráyọ̀ bi òun pé kí ló máa ń jí àga, ìwúwo ni tàbí ìgbóná ara. Òun sì fi ìgbéraga dá a lóhùn pé ìgbóná ara ni. Ẹ gbé òkúta lé e títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní mira. Ṣé ẹni tí kò fẹ́ tú nǹkan ló ń bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é?

Agogo lù. Kálukú wọ kíláàsì rẹ̀.

Ìdògbé jókòó, ara àga gbóná díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gba ẹ̀yìn ọrùn wọlé sí i lára bó ti máa ń ṣe. Ẹni tó bá jókòó nìkan ló ń gbọ́ ọ. “Tíṣà Ìdògbé, ẹ káàárọ̀. Ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn.” Ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Àga náà kò ní ojú, orúkọ tí wọ́n kọ́ ọ ló ń pe ẹnikẹ́ni tó bá jókòó. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn yọ́ lọ jókòó sórí rẹ̀ nígbà tí Ìdògbé jáde, àga sì kí i pé Tíṣà Ìdògbé, ohùn yín dùn lónìí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pe Ẹ̀bùn ní Tíṣà.

Ẹ̀bùn yìí kan náà ló na ọwọ́ láàárọ̀ yẹn. Wọ́n ń kọ́ nípa ìgbà tí òkun gun ilẹ̀, ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ẹja odò mọ̀ pé ilé àwọn ti di òkun, àbí wọ́n kàn rò pé odò àwọn ló dàgbà. Kí Ìdògbé tó la ẹnu, àga ti sọ ìdáhùn sí i lọ́rùn: iyọ̀ ni ẹja kọ́kọ́ ń mọ̀, àwọn mìíràn kú, àwọn mìíràn gun odò lọ sókè. Ó tún un sọ gẹ́lẹ́. Ìdáhùn náà pé, kò kù síbì kan. Ẹ̀bùn mi orí, ó dúpẹ́, ó sì gbé àgbọ̀n lé orí tábìlì. Ìdògbé rí ìmọ́lẹ̀ fìtílà tó ń ṣú lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rín àwọn ọmọ Motúnráyọ̀ gba ara ògiri kọjá wá.

Ó tẹ ọrùn mọ́ àga, ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bó ti ń bi í lójoojúmọ́, pé kí ni àga tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ń sọ fún obìnrin yẹn. Àga dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ àga mìíràn kò sí lọ́wọ́ òun. “Ẹ ń ṣe dáadáa,” ló fi kún un. “Ẹ wo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.”

Nígbà ìsinmi, kò dúró nídìí àmù. Ó dúró títí àwọn ọmọ fi tú sí àgbàlá, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó sì yọ́ wọ kíláàsì Motúnráyọ̀. Tí ẹ bá bi í ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, kò ní lè sọ. Apá kan ọkàn rẹ̀ fẹ́ rí àga tí wọ́n tú náà kó lè tọ́ka sí i fún Ọ̀gbẹ́ni Lámídì. Apá kejì fẹ́ mọ ẹni tó tú u, kó lè ní kó bá òun tú ti òun náà.

Kò sí àga níbẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó wo abẹ́ tábìlì. Àpótí ìjókòó àwọn ọmọ ló wà kiri bí ewúrẹ́ tó ń jẹko, kò sí èyí tó tò. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí ẹní bò lórí. Níwájú, níbi tí àga olùkọ́ yẹ kó wà, ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin ló kù lórí sìmẹ́ńtì, eruku sì ti fẹ́ẹ̀ bò ó.

“Kí lò ń wá?”

Motúnráyọ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ lẹ́yìn.

“Àga rẹ,” ni Ìdògbé wí. Irọ́ kò wá sí i lẹ́nu.

“Kò sí níbí.”

Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí ẹlẹ́ní yẹn, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n. Kò dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀ láti máa retí ìgbà tí wọn yóò ká òun mọ́. Ó sọ ọ́ fún Ìdògbé bó ṣe rí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àga ní kóun rẹ́rìn-ín, òun rẹ́rìn-ín. Ó ní kóun wo ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, òun wò ó. Fìtílà kò yéé ṣú. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan bi òun ní ìbéèrè, òun tẹ́tí sí àga kóun tó fèsì, ọmọ náà sì tẹjú mọ́ òun.

“Ó ní, ‘Tíṣà, ta lẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀?’” Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìdògbé, ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n bá níbi tó ti ń jalè.”

Ọjọ́ yẹn ló gbé àga síta. Ó ní lọ́jọ́ kejì, òun kò mọ ibi tí òun ì bá kó ọwọ́ òun sí. Wọ́n bèèrè ohun kan, òun kò mọ̀ ọ́n, òun sì sọ fún wọn pé òun kò mọ̀ ọ́n, kí àwọn jọ wá a. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí òun lè gbẹ́kẹ̀ lé ju ojú wọn lọ. Bí ojú kan bá ṣú, òun mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ ṣì, òun á padà, òun á gba ọ̀nà mìíràn.

“O fi iṣẹ́ rẹ ta tẹ́tẹ́,” ni Ìdògbé wí.

“Mo mọ̀. Ẹ̀rù bà mí kí n tó gbé e jáde. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí báyìí.”

Ó bi í pé níbo ni àga náà wà. Motúnráyọ̀ ní òun ti fún un níṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ tí kò gba ọ̀rọ̀ sísọ. Ìgbà tí agogo lù, tí ariwo àwọn ọmọ ti ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbé ojú sókè wò ó.

“Ṣé wàá sọ fún wọn?”

Ìdògbé jáde.

Bó bá ṣe pé ẹ̀rọ ni, ì bá sàn fún un. Ẹni tó ń jowú ẹ̀rọ lè wá irú rẹ̀ rà, ó lè jí i, ó lè gbàdúrà kó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò ní ohunkóhun tí òun kò ní. Ohun tí òun ní ni kò ní. Ohun tó ń dun Ìdògbé nìyẹn, ó ń dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí, kò gbọ́ ohun tí àga ń sọ, kò gbọ́ ohun tí òun alára ń sọ. Ohun tó ń rò ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí òun fẹ́ dá. Òun kò ní lọ fẹjọ́ sun. Ọ̀gbẹ́ni Lámídì yóò ṣí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀, yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Ọwọ́ òun mọ́. Gbogbo ohun tí òun ní láti ṣe kò ju pé kóun jókòó lọ.

Ọ̀sán pọ́n. Àwọn ọmọ gun òrùlé lọ sí oko, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àjà bí òjò ńlá. Àwọn fìtílà ṣú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ tún tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìdògbé sì bá ara rẹ̀ nídìí àmù, torí ẹsẹ̀ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni Lámídì tó ti jókòó sínú ooru láti àárọ̀ sún mọ́ ọn, ó tọrọ omi. Ìdògbé bu ahá kan fún un. Alábẹ̀wò mu ún tán, ó ní kó tún bu òmíràn, ó ní omi yìí tutù débi pé ó dun òun léyín. Díẹ̀ ta sílẹ̀ lára ahá, ó rin aṣọ aláró tó bo ìdí àmù.

“Mo tún bèèrè,” ni Ọ̀gbẹ́ni Lámídì wí, bó ti ń nu ẹnu. “Àga keje dà?”

Ó kọjú sí ìlẹ̀kùn tó sún mọ́ ọn jù, ti Motúnráyọ̀ ni. Ìdògbé tẹ ojú sílẹ̀ kó má bàa rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sí ni ara aṣọ tó rin. Omi ti jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun náà ní apá méjì. Ó ní ẹ̀yìn tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ níbi ọrùn. Àmù amọ̀ jókòó sórí rẹ̀ bí ọba, ó wúwo, ó tutù. Ó tutù débi pé bó bá jókòó síbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní mira. Òun Ìdògbé ló kọ́ Motúnráyọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì ti ń gbé ìgúnpá lé etí àmù láti ìgbà náà, ó ń mu omi, ó ń jowú.

Ó wo Motúnráyọ̀. Motúnráyọ̀ kò wo àmù, kò wo alábẹ̀wò. Ìdògbé ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tó bi ní ìbéèrè, tó sì ń dúró de ohun tó máa sọ.

Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Lámídì kan ìlẹ̀kùn.

Ìdògbé fi apá méjèèjì gbá àmù mọ́ra. Omi dà sí i láyà, ó dà sínú bàtà rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó fa aṣọ aláró kúrò, ó sì jókòó.

Ìlẹ̀kùn kò tíì ṣí tí àwo dígí fi dún. Iná keje ṣẹ́jú, ó dúró. Ọ̀gbẹ́ni Lámídì wo àwo, ó wo àga, ó wo àmù tó wà nílẹ̀, ó wo ọkùnrin tó jókòó tí aṣọ rẹ̀ ń kán omi. Alábẹ̀wò yọ ọwọ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn.

“Àga ni wọ́n rán mi sí,” ló wí. “Wọn kò rán mi sí àmù.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Lábẹ́ Ìdògbé, ara àga ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ohùn kan sì ń gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bọ̀, ohùn tó ti sùn láti ọ̀sẹ̀ kejì sáà, tó sì jí sórí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé e jáde.

“Tíṣà Motúnráyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ ń ṣe dáadáa. Ẹ sì dákun, ẹ yé bi mí ohun tí àga Tíṣà Ìdògbé ń sọ fún un.”